Oògùn Ìfọ-nọ́sù Kí Ọkọ̀ Asáré Tó Wọ Pápá

Nọ́sù ni ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń mu epo. Abẹ́rẹ́ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí iná mànàmáná ń fà sókè. Bó bá ti gbéra, epo á fọ́n jáde lójú ihò bíńtín, á sì rí bí ìkùukùu. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń sọ ìgbà tí yóò ṣí àti ìgbà tí yóò pa dé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 7,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nọ́sù kọ̀ọ̀kan ń ṣí tó nǹkan bí ìgbà 58 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ báyẹn kò fẹ́ ìdọ̀tí, bó ti wù kó kéré mọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń múra láti gbé ọkọ̀ asáré lọ sí pápá bíi Silverstone tàbí Brands Hatch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń ra ìgò oògùn ìfọ-nọ́sù. Oògùn náà wúlò gidi. Àárọ̀ ọjọ́ pápá tí àwọn kan ń dà á sí táǹkì ni kò dára.

Kì í ṣe orí eré ni nọ́sù ti ń dọ̀tí jù, ìgbà tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì ni. Epo tó ń ṣàn kọjá ló ń mú un tutù. Tí wọ́n bá ti pa ọkọ̀, epo dúró, ooru ẹ́ńjìnnì á bo nọ́sù, ìwọ̀nba epo tó kù létí ihò rẹ̀ á sì gbẹ. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, èyí tó wúwo á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ọkọ̀ asáré ló ń jìyà èyí jù, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń sùn sí gáréèjì láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tí ẹni tó ni wọ́n á gbé wọn jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta fún ìrìn kúkúrú, kó tún dá wọn padà kí ara wọn tó gbóná dáadáa. Epo tó pẹ́ nínú táǹkì náà sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo E10, tí ethanol (irú ọtí kan) inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti di epo tó wọ́pọ̀ jù ní Gẹ̀ẹ́sì, ethanol sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Lójú títì, àìsàn nọ́sù lè fara pamọ́ fún ìgbà pípẹ́. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lọ́nà èéfín ń yẹ ohun tó ń jáde wò, kọ̀ǹpútà á sì fi kún epo tàbí kó dín in kù. Ṣùgbọ́n èéfín gbogbo sílíńdà ló ń dà pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin ò bá rí epo mu tó, ti gbogbo wọn ni kọ̀ǹpútà á bù kún. Àwọn mẹ́ta á yó àyójù, ebi á ṣì máa pa ẹyọ kan yẹn. Pápá ni àṣírí yìí ti ń tú. Ìyípo kan ní Silverstone jẹ́ kìlómítà 5.891, awakọ̀ á sì tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá ní ọ̀nà tààrà tí wọ́n ń pè ní Wellington Straight, á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní Hangar Straight, ìyípo lẹ́yìn ìyípo. Níbi tí iná bá ti wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í tẹ̀ lé sẹ́ńsọ̀ mọ́. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti kọ sínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ kó lè tu inú sílíńdà lára. Sílíńdà tí nọ́sù rẹ̀ dí kì í rí ìtura yìí gbà. Ooru á pọ̀ níbẹ̀ débi pé epo á máa gbiná fúnra rẹ̀ láìdúró kí iná pọ́lọ́ọ̀gì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìró á máa dún kọ́kọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà tó bá gbọ́ ìró yẹn á fa iná pọ́lọ́ọ̀gì sẹ́yìn, agbára ọkọ̀ á sì dín kù. Bí ooru náà kò bá rọlẹ̀, orí písítìn lè yọ́, ó sì lè lu.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú ìgò oògùn tó dára ni polyetheramine, tí wọ́n ń pè ní PEA. Ó ń di ìdọ̀tí mú, ó ń tú u kúrò lára irin, ó sì ń gbé e lọ síbi tí yóò ti jóná pẹ̀lú epo. Ó tún lè fara da ooru inú sílíńdà. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ le, láàárín ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí nọ́sù ń rọ́pò kábúrétọ̀, tí nọ́sù àwọn ọkọ̀ tuntun sì ń dí. Ní ọdún 1995, ìjọba Amẹ́ríkà pa á láṣẹ pé kí èròjà ìfọ̀ wà nínú gbogbo epo pẹtiróòlù. Lójú BMW, General Motors, Honda àti Toyota, ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀ kò tó, wọ́n sì gbé ìlànà Top Tier kalẹ̀ ní 2004. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ AAA yẹ̀ ẹ́ wò ní 2016, ìdọ̀tí tí epo tí kò sí lábẹ́ ìlànà náà fi sílẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 19 ti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ìdánwò tó dọ́gba pẹ̀lú máìlì 4,000. Ọkọ̀ tó bá ti ń mu epo gidi láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò ìgò kankan. Ẹni tó bá sì máa ra ìgò, kó wá PEA lára àkọlé rẹ̀. Èyí tí kò ju nǹkan tó jọ kẹrosíìnì lọ kò tó owó rẹ̀.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ pápá ló yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí epo táǹkì lọ sílẹ̀ títí iná ìkìlọ̀ á fi fẹ́ tàn. Nílé epo, oògùn ló ń kọ́kọ́ wọ táǹkì, epo á tẹ̀ lé e, kí epo tó ń ya wọlé lè pò ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgò ló jẹ́ mílílítà 300, tí wọ́n ṣe fún nǹkan bí lítà 70. Táǹkì Mazda MX-5, tó wọ́pọ̀ gan-an lórí pápá, kò ju lítà 45 sí 50 lọ, nítorí náà nǹkan bí mílílítà 200 ti tó o. Dída ìlọ́po méjì kò ní kó yára fọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ọkọ̀ gba ọ̀nà márosẹ̀ tó jìn, kí ara rẹ̀ gbóná dáadáa, kó sì mu epo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fífi ìrìn ọjà àti ìrìn iléèwé lo táǹkì olóògùn ń fi oògùn ṣòfò ni.

Díẹ̀ nínú oògùn yìí àti ìdọ̀tí tó tú á gba ẹ̀gbẹ́ písítìn wọnú ọ́ìlì. Nítorí náà, tí táǹkì olóògùn bá ti tán ni kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀. Epo tuntun ló kàn, èyí tí octane rẹ̀ (agbára tó fi ń kọ̀ láti gbiná fúnra rẹ̀) jẹ́ 97 sí 99, láìfi nǹkan kan kún un. Èyí gan-an ló fi hàn pé àárọ̀ ọjọ́ pápá kọ́ ni wọ́n ń lo oògùn: kò tíì fọ nǹkan kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kì í fi octane kún epo, ọ́ìlì tó sì ti dà pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí ni ẹ́ńjìnnì á fi sáré lọ́jọ́ tó gbóná jù.

Ibì kan wà tí ọwọ́ oògùn kò tó. MX-5 tí wọ́n ṣe láti 1989 títí di ìgbà tí ẹ̀yà tuntun dé ní 2015 ń fọ́n epo sẹ́yìn fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà, epo olóògùn á sì fọ fáàfù bó ti ń kọjá. Ẹ̀yà 2015 àti Porsche 911 Carrera láti 2008 ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà. Epo kì í kan ẹ̀yìn fáàfù àwọn yìí rárá, bí ìgò mẹ́wàá tilẹ̀ wọ táǹkì. Èédú tó bá dì síbẹ̀ di iṣẹ́ mẹkáníìkì, tó máa ń fi èèpo àsálà òyìnbó lílọ̀ ha á kúrò. Toyota GT86 ní irú nọ́sù méjèèjì, nítorí náà kì í sábà ní ìyọnu yìí. Nọ́sù tó ń jò, tàbí èyí tó ti dí pa, kò gbọ́ oògùn táǹkì mọ́. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbì ohùn fọ̀ ọ́, kí wọ́n wọn iye epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fọ́n, kí wọ́n sì fi rọ́bà tuntun sí i.

Kí ọkọ̀ tó kúrò nílé, kí wọ́n fi sikánà ka fuel trim rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń bù kún epo tàbí tó fi ń dín in kù. Bí kò bá ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sílẹ̀, ó dára. Bó bá kọjá ìdá 10 sókè lẹ́yìn tí wọ́n ti lo oògùn, ẹjọ́ náà lè máà jẹ́ ti nọ́sù nìkan: pọ́ǹpù epo lè ti rẹ̀, fílítà lè dí, afẹ́fẹ́ lè máa jò wọlé, ilé mẹkáníìkì ló sì yẹ kí ọkọ̀ náà lọ kì í ṣe pápá. Bí ìró kọ́kọ́kọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ lórí eré, tàbí tí iná ẹ́ńjìnnì ń ṣẹ́jú, kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kó rọra yà kúrò lórí pápá, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó má sì padà wọlé lọ́jọ́ náà.