Kí Ẹ̀rọ Tó Sọ Tirẹ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Kíkọ́ Ọmọ ní Ṣẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú Kọ̀ǹpútà

Ìdí ọpọ́n ayò ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò rò pé ẹnì kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí ní Kọ́bapẹ́ tí ayò ṣàjèjì sí.

Ní ọdún 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, mú ìbátan ayò wa kan tí wọ́n ń pè ní awari, onílé méjìlá, ọlọ́mọ méjìdínláàádọ́ta, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà wò ó délẹ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 ni wọ́n so pọ̀, iṣẹ́ náà sì gba wákàtí 51. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé bí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣìṣe, ọ̀mì ni yóò já sí. Síbẹ̀, n kò tíì gbọ́ pé ọ̀ta kankan tìtorí èyí ká ọpọ́n rẹ̀ nílẹ̀. Ìdí ni pé ènìyàn ni ọ̀ta ń bá ta, kì í ṣe ìṣirò. Ó ń wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó ń wá ohun tí ẹni náà ń wá.

Ṣẹ́ẹ̀sì gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà tó wò ó délẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti borí ènìyàn nídìí rẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, ní New York, Deep Blue tí iléeṣẹ́ IBM ṣe na Garry Kasparov, àgbà ọ̀ta ayé ìgbà náà. Ẹ̀rọ ńláńlá ni Deep Blue nígbà yẹn. Lónìí, Stockfish, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, tó sì gbóná jù ú lọ, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí ẹ fi ń pe ará ilé, kò sì nílò dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù. Ọmọ Kọ́bapẹ́ àti ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń lo olùkọ́ kan náà. Ohun ìyanu nìyẹn, inú mi sì dùn sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi eré kan hàn yín, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo tí ọmọdé bá ti ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Funfun sún ọmọ ogun iwájú ọba rẹ̀ ní ilé méjì, dúdú ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Funfun ju ayaba rẹ̀ síta, ó dé ilé tí wọ́n ń pè ní h5. Dúdú gbé ẹṣin sí c6 láti dáàbò bo ọmọ ogun rẹ̀. Funfun gbé bíṣọ́ọ̀bù sí c4. Inú ọmọ tó ń ta dúdú dùn, ó gbé ẹṣin kejì sí f6 láti lé ayaba. Ayaba já wọ f7, ó jẹ ọmọ ogun ibẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọba há, eré parí ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ gbé eré yìí fún Stockfish. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti tọ́ka sí ẹṣin f6 pé òun ló bà á jẹ́, ó ní ọmọ ogun ló yẹ kí dúdú sún sí g6. Òótọ́ ni. Ọmọ á mi orí, á rántí g6. Lọ́jọ́ kejì, á sún un sí g6 lóòótọ́, ayaba á sì pẹ̀yìn dà sí f3, á tún dojú kọ f7 ọ̀hún. Ọmọ yìí á gbàgbé f7 lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin f6 tó gbé láná gan-an ló yẹ kó gbé lónìí. Ìdáhùn ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Kò gba ìbéèrè.

Ìbéèrè náà lọ́wọ́ olùkọ́ ló wà. "Ọmọ mi, kí lo rí tí o fi gbé ẹṣin síbẹ̀?" "Mo rí i pé màá lé ayaba lọ, sà." Kì í ṣe èrò òpè! Ẹ yìn ín fún un, kí ẹ tó bi í pé: "Ayaba ńkọ́, kí lòun ń wá?" Ẹ fún un láyè kó wo ọpọ́n. Bó bá fi ìka tọ́ f7 fúnra rẹ̀, ó ti mọ ohun tí yóò máa bá a lọ sínú eré mìíràn. Stockfish mọ ibi tí ìṣísẹ̀ ti wọ́, kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ nígbà tó ń ta á. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́: ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ èrò tirẹ̀ kí ẹ̀rọ tó sọ tirẹ̀. Kí ó ta eré tán, kí ó kọ ìṣísẹ̀ sínú ìwé, kí ó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tan fóònù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kékeré máa wo ònkà tí ẹ̀rọ ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n láti fi ẹni tó wà níwájú hàn. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ọmọ ogun tó dín lè kó ìpayà bá a, bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pa eré tó ti wà lọ́wọ́ ẹni.

Ibi tí ẹ̀rọ ti wúlò jù lójú tèmi ni ibi tí àárẹ̀ ti máa ń mú ènìyàn. Ẹ fún ọmọ ní ọba àti ayaba, kí ẹ̀rọ mú ọba nìkan, kí ọmọ wá há ọba náà mọ́ igun. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀rọ kò ní bínú, kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lichess, ojúlé ṣẹ́ẹ̀sì lórí ayélujára, tí Thibault Duplessis ará Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 2010, ní àdììtú ọpọ́n lọ́pọ̀ yanturu, kò gba kọ́bọ̀, kò sì polówó ọjà. Àwọn olùyọ̀ǹda ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí oríṣiríṣi èdè. Abẹ́òkúta wa tó tẹ ìwé ìròyìn Ìwé Ìròhìn ní èdè Yorùbá ní ọdún 1859 kò gbọdọ̀ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ olùkọ́ kan, Tunde Onakoya. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ló ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ní ọdún 2018 ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó kọ́ àwọn ọmọ Májídùn, ó dé Makoko, ó dé abẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square, New York. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Shawn Martinez sún un dé 64. Ayé rí wákàtí wọ̀nyẹn. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Makoko: àgbà kan jókòó, ó kọjú sí ọmọ, ọpọ́n wà láàárín wọn.

Àwa náà lè ṣe irú rẹ̀ níbí. Fóònù kan tó fún ọmọ mẹ́jọ. Ọpọ́n mẹ́rin, ìwé àti pẹ́ńsù, fóònù wà lọ́wọ́ olùkọ́. Bí iná bá lọ, eré kò dúró. Mo ti bá àwọn olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ kí n tó gun orí pèpéle yìí, wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ló rọ àwọn lọ́rùn láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ní fóònù àtijọ́ nílé tí ojú rẹ̀ ṣì ń tàn, kí ó gbé e wá. A ó gbé Stockfish sórí rẹ̀ fún un níbí, lọ́fẹ̀ẹ́, kí a tó túká.