Ẹ Má Fi Bóòtù Fa Àpótí Gíà

Ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí, àti bí a ṣe ń tò ó nígbà tí a bá fẹ́ gbé àpótí gíà padà sí ìdí ẹ́ńjìnì. Ẹ má wí pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ni, kò kàn yín. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì há ìwé kan mọ́ àárín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, kí ẹ ní kí ẹnìkejì yín fà á. Bí ó ti ń fa ìwé ni ọwọ́ yín ń bá a lọ. Ẹ wá dẹ ọwọ́: ìwé yóò yọ jáde wẹ́rẹ́. Bí kílọ́ọ̀ṣì ti rí nìyẹn. Ọwọ́ kan ni irin roboto wúwo tí ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Ọwọ́ kejì ni ìdérí onísípíríǹgì. Ìwé ni pílétì, èyí tí ọ̀pá àpótí gíà gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bẹ́rìnì kan yóò ti sípíríǹgì, pílétì yóò bọ́, gíà yóò sì wọlé láìké.

Ní ọjọ́ kan, mo gbé ọkọ̀ mi fún mẹkáníìkì kan ní Ìkòròdú, kí ó pààrọ̀ pílétì tí ó ti jẹ tán. Mo ní ìpàdé ní Ẹ̀pẹ́, mo sì dúró lé wọn lórí: "Ọ̀gá, ẹ ò tíì ṣe tán ni?" Nígbà tí wọ́n gbé àpótí gíà sókè, kò wọlé tán. Àlàfo tí ó tó ìka kan ṣì wà láàárín òun àti ẹ́ńjìnì. Ọmọṣẹ́ kékeré kan wí pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Pílétì yẹn kò bọ́ sí àárín." Ìgbátí ni ọ̀gá fi dá a lóhùn, ó ní kí ó máa fún bóòtù. Sípánà fa àpótí náà wọlé lóòótọ́. Mo yìn wọ́n, mo sanwó, mo lọ.

Ní Ìtóìkín, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀, pàbó. Gíà kìíní kọ̀, kò wọlé, àwọn onídánfó sì ń fun fèrè lẹ́yìn mi. Okùn ni wọ́n fi wọ́ mi dé Ẹ̀pẹ́.

Bàbá mẹkáníìkì tí ó tú u níbẹ̀ na pílétì sí mi: àárín rẹ̀ ti wọ́. "Tíṣà, ẹ wò ó. Bóòtù ni wọ́n fi fà á."

Igi ńláńlá ni Bàbá fi ti ọkọ̀ kí ó tó wọ abẹ́ rẹ̀. Kò gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Aṣọ tútù ni ó fi nu eruku, kò fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí pílétì àtijọ́ a máa ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìlú Ọba fòfin dè é pátápátá ní 1999. Ó fọ epo kúrò lójú irin, ó fọ ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀rá díẹ̀ tó láti mú pílétì máa yọ̀. Ó wo ojú tí ó yẹ kí ó kọ sí àpótí gíà. Lẹ́yìn náà ó ti ògbólógbòó ọ̀pá gíà kan gba àárín pílétì wọ inú ihò ẹ́ńjìnì, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Ìgbà náà ni ó tó fún bóòtù ìdérí díẹ̀díẹ̀, láti orí ọ̀kan bọ́ sí èyí tí ó dojú kọ ọ́, bí a ti ń fún nọ́ọ̀tì táyà. Ó gbé bẹ́rìnì tuntun sétí, ó yí i, ó tẹ́tí bóyá yóò hó.

Wọ́n gbé àpótí gíà sókè. Kò wọlé! Àyà mi já. Ṣùgbọ́n Bàbá kò wo apá ibi tí sípánà wà. Ó ní kí wọ́n dì í mú dáadáa kí ó má baà rọ̀ sórí pílétì, ó fi í sí gíà kan, ó rọra yí ìdí rẹ̀, kí eyín ọ̀pá lè rí eyín pílétì. Ó dún kọ̀, ó wọlé, ẹnu kan ẹnu. Nígbà náà ni ó wá bóòtù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo padà sí Ìkòròdú. Ọmọ náà wà lábẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀gá rẹ̀, nítorí èmi ni mo ń kán wọn lójú. Ọ̀gá kò fèsì. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní kí ọmọ náà lọ wá ògbólógbòó ọ̀pá gíà kan wá.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.