ÈWO NI ÈÈNÌ, ÈWO NI ỌJÀ?
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, lórí ohun tí ojú àwa ìyá ọlọ́jà rí ní hòtẹ́ẹ̀lì

  

Ẹ óò rántí pé ẹgbẹ́ yìí rán àwa mẹ́jọ lọ sí Ìbàdàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Akọ̀wé ti ròyìn ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀. Èmi ní tèmi, hòtẹ́ẹ̀lì tí a sùn sí ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ fi etí kan sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ èènì. Bí ènìyàn bá ra gaàrí kọ́ńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ, wàá bu díẹ̀ lé e. Oníbàárà ò ní bi ọ́ pé eélòó ni ìyẹn, ìwọ náà ò sì ní kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà àwọn ìyá wa àgbà tí wọ́n ń gbé ọjà lọ sí Èjìnrìn létí ọ̀sà. Ilé onílé ni wọ́n ń wọ̀ sí. Ẹní tí wọ́n sùn lé àti omi tí wọ́n mu, kò sẹ́ni tó ń ka iye rẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Bí ọjà bá tà, wọn á fi nǹkan dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, ó parí.

Hòtẹ́ẹ̀lì ò rí bẹ́ẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì, ọjà ni. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ọjà tiwa ni pé wọ́n tẹ́ ọjà náà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó o sínú fíríìjì, wọ́n fi í kọ́ sí balùwẹ̀, kò wá sí ẹni tó jókòó tì í tí yóò sọ fún ọ pé, "Ìyá, eélòó lẹ fẹ́ rà nínú rẹ̀?"

Mi ò ní dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà, torí kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò. Ilé ńlá ni. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń ṣe fún ènìyàn níbẹ̀: wọ́n á gbé ẹrù rẹ, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, wọ́n á fọ aṣọ rẹ, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá ọ lórí ibùsùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ẹyẹ ọ̀kín méjì ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan tú ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ bí aláṣọ tó ń pàtẹ àǹkárá tuntun. A kí i, a ní ọ̀kín, ọba ẹyẹ. Nígbà tó di bí aago mẹ́rin òru, ọba ẹyẹ figbe ta. Ọ̀kan nínú wa ń ké pé, "Ẹ dìde o, wọ́n ti fẹ́ pa ọmọ kan nísàlẹ̀!" Gbogbo wa ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìró láyà kí ọlọ́dẹ tó wá ṣàlàyé pé ẹyẹ ló ń kí ojúmọ́. Ìyá onípákó láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní àkùkọ òun náà máa ń kí ojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ké bí ẹni tí wọ́n jí àpótí owó rẹ̀ gbé.

Yàrá wa wà lókè. Yàrá 12 wà níbẹ̀, yàrá 14 sì tẹ̀ lé e. A bèèrè pé yàrá 13 ńkọ́? Wọ́n ní àwọn àlejò kan kì í fẹ́ sùn sí i, nítorí náà àwọn fò ó. Akápò wa ní ọjà wo ni wọ́n ti ń ka ọsàn tí wọ́n ń fo ìkẹtàlá? Ó ní òun á máa ṣọ́ àwọn wọ̀nyí, torí ẹni tó bá lè fo nǹkan nínú ònkà lè fi nǹkan kún ònkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kì í ṣe irin. Káàdì ni, bíi ti báńkì. Wàá fi kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á ṣí. Wàá wá tì í bọ ihò kan lára ògiri kí iná tó lè tàn. Ìyá onírẹsì láti Àgọ́-Ìwòyè tí àwa méjèèjì jọ wà nínú yàrá kan ò gbà. Ó ní ta ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ lára ògiri? Ó yọ ọ́, ó so ó mọ́ ẹnu ìró rẹ̀. Iná lọ, fáànù dúró. Nígbà tí mo ti ìsàlẹ̀ dé, inú òkùnkùn ni mo bá a, tó ń fi ìwé oúnjẹ fẹ́ ara rẹ̀, tó ń ṣépè fún NEPA. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìró yín ni NEPA o!"

Ìrọ̀rí mẹ́fà ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ṣoṣo. Ìyá ẹlẹ́ja láti Iwopin ní orí mélòó ni wọ́n rò pé òun ní? Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Ọmọ náà ní, "Housekeeping." Ìyá ní, "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, lọ wò ó ní yàrá kejì." Ọmọ náà tún padà wá kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá wa lé Housekeeping lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ gbálẹ̀ ni.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀, ọmọkùnrin tó dé fìlà funfun gíga bi ìyá onípákó pé báwo ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹyin tiwọn. Ìyá ní, "Kó ṣáà ti jinná, ọmọ mi."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dùn jù ni ti alẹ́ ọjọ́ kẹta. Oúnjẹ alẹ́ wa ti wà nínú owó, ẹni tó bá fẹ́ nǹkan mìíràn ló ń fi owó tirẹ̀ rà á. Wọ́n kọ ìkọ́kọrẹ́ Ìjẹ̀bú sínú ìwé oúnjẹ, owó rẹ̀ sì ga ju ti àsáró lọ. Ìyá ẹlẹ́ja ní òun ò ní fi èyí sílẹ̀. Wọ́n gbé e dé. Ó fi ṣíbí yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Iṣu ni wọ́n sè yìí. Ewùrà ò dé ìdí rẹ̀ rárá." Ọmọ tó gbé oúnjẹ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, alásè náà kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú. Ìyá ní, "Mo mọ̀, àwo ti sọ fún mi. Àsáró ni mo jẹ, owó àsáró ni n ó san." Wọ́n lọ bi máníjà. Máníjà gbà. Owó àsáró ló san.

Ẹ wò ó, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò ni.

Ní ọjọ́ tí a ń bọ̀ wálé, wọ́n gbé ìwé owó jáde. Ó gùn bíi ìwé ìdìbò. Akápò wa fà á sọ́dọ̀, ó yọ ìwé kékeré tirẹ̀ láti inú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wé ara wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Mummy, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá nìyí o, a kì í ná ọjà níbí." Akápò ní, "Mi ò ná ọjà, ọmọ mi. Mò ń kà á ni."

Ohun tó kà nìyí. Àwa mẹ́jọ la lọ, ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ fún, ní náírà 8,500, fún alẹ́ mẹ́ta: ìyẹn 25,500. Wọ́n kọ owó alágbàfọ̀ sílẹ̀, 12,000, fún ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin méje. Akápò bojú wò wá, ó ní, "Nínú wa, ta ló wọ ṣẹ́ẹ̀tì?" Wọ́n tún kọ omi ike 18 sílẹ̀ ní 500, èyí jẹ́ 9,000. Omi orí tábìlì ni. Bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Akápò ti ká bébà yẹn sínú àpò láti ọjọ́ kìíní, ó tẹ́ ẹ síwájú ọmọ náà. Gbogbo rẹ̀ para pọ̀ di 46,500. Owó orí ọjà tí a ń pè ní VAT tí wọ́n ti fi lé e jẹ́ 3,487 náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ 49,987 náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Máníjà yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tọrọ gáfárà, ó tẹ ìwé mìíràn.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹni tó ń dá 500 lójúmọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kó tó kó irú owó yẹn jọ. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ òòrùn àti òjò, orí ìlà mẹ́ta nínú ìwé ló fẹ́ẹ́ bá lọ.

Nígbà tí Akápò ń kà á lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wa ń fà á láṣọ pé, "Ẹ jẹ́ ká san án ká máa lọ, kí wọ́n má fojú ará oko wò wá." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò. Kí ló dé tí ẹni tó lè fi odindi wákàtí kan ná apẹ̀rẹ̀ ata ṣe ń tijú láti ka ìwé owó ní hòtẹ́ẹ̀lì? Ilẹ̀ tó ń dán àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń dẹ́rù bà wá. À ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ṣàánú wa ni wọ́n fi jẹ́ ká wọlé.

Ìgbà kan wà lóòótọ́ tí wọn kì í jẹ́ ká wọlé. Ní oṣù kejì ọdún 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Ivor Cummings dé sí Èkó. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Sàró, ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel. Nígbà tó yọ, tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n kọ̀ ọ́. Inú bí gbogbo Èkó. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, àwọn olóṣèlú figbe ta, títí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. Ní ọdún 1948, Cummings yìí kan náà wà lára àwọn tó lọ pàdé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọkọ̀ Empire Windrush kó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá wọn wá ibi tí wọ́n máa sùn. Ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà ló wá ń wá ilé fún ẹlòmíràn.

Kò pé ogún ọdún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bristol tí Premier Hotel fi ṣí lórí òkè Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ní 1966. Ó bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Odù'a, ìpínlẹ̀ Ògùn wa sì ní ìpín nínú Odù'a. Ìyẹn ni pé, bí a bá gbójú sókè wo irú òrùlé bẹ́ẹ̀, ìpín tiwa náà wà níbẹ̀. Kí ni a wá ń tijú sí?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn díẹ̀ kún un fún ẹni tí ẹgbẹ́ tún máa rán lọ.

1. Kí o tó sanwó yàrá, bèèrè bóyá VAT wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2020, náírà méje ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún ni. Yàrá 40,000 á di 43,000. Àwọn mìíràn tún ń fi owó iṣẹ́ lé e. Bèèrè ìyẹn náà.

2. Bí o bá ti wọ yàrá, bèèrè pé, "Èwo ni èènì, èwo ni ọjà?" Lọ́pọ̀ ìgbà, omi orí tábìlì àti ọṣẹ kékeré jẹ́ èènì. Ohun tó wà nínú fíríìjì, ọjà ni. Táwẹ́ẹ̀lì kì í ṣe èènì o! Ẹ má kó o sínú báàgì.

3. Máa kọ ohun tí o jẹ sílẹ̀ lálaalẹ́. Gba ìwé owó ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí o máa lọ, kí ọkọ̀ tó ń dúró má baà kán ọ lójú.

4. Bí o bá ní wúrà tàbí owó ńlá lọ́wọ́, má tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Fi í sọ́wọ́ àwọn tó ń gbàlejò, kí wọ́n sì fún ọ ní ìwé lórí rẹ̀.

5. Òfin wà lẹ́yìn rẹ. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ sọ pé kí olùtajà fi iye owó ọjà hàn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ.

6. Bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ wa ni wọ́n. Ọmọ Housekeeping tí ìyá ẹlẹ́ja lé kiri ń fi iṣẹ́ náà rán ara rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí a ń lọ, ìyá fún un ní ẹja gbígbẹ tó dì wá láti ilé. Èènì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan kù, àwa fúnra wa ló sì kàn. Bí ó ti dùn wá pé wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì méje kún ẹrù wa, ẹ jẹ́ ká rántí kọ́ńgò tí àwọn kan tẹ ìdí rẹ̀ wọlé. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ibi tí mò ń lọ! Ẹni tó bá ge kọ́ńgò tán, tó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, kò tíì fún ènìyàn ní èènì. Ohun oníbàárà ló dá padà fún un, kò sì tíì dá gbogbo rẹ̀ padà. Kí kọ́ńgò wa kún ná, kí èènì tó gorí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa ò ní dàrú. Owó tí a ń kó jọ ò ní bá àfẹ́ẹ́rí lọ. Àwọn ọmọ wa á sùn sí ilé tó dára ju èyí tí a rí lọ, wọ́n á sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé owó rẹ̀.