Písítìnì Àrọ Tàbí Písítìnì Àdà: Èwo Ni Kí A Fi Sínú Ẹ́ńjìnnì Tọ́bò?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò ẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ písítìnì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà wa gba àbọ̀ owó oṣù fún oṣù mẹ́rin gbáko nítorí písítìnì tí kò fi ojú kàn rí, tí kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rà á.

Ilé iṣẹ́ kan, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, ni ó tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kan palẹ̀. Dísẹ̀lì ni, ó sì ní tọ́bò. Wọ́n ra písítìnì mẹ́fà tí ó wọ ihò sílíńdà dáadáa, wọ́n tò ó, ọkọ̀ jáde. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ni orí písítìnì kan bá là, ó sì ba sílíńdà jẹ́. Ọ̀gá ní dírẹ́bà ni ó tẹ̀ ẹ́ jù. Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí wọ́n kó àwọn písítìnì náà wá kí a wò wọ́n, ti ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ni wọ́n. Ìwọ̀n wọn bára mu, iṣẹ́ wọn kò bára mu. Ẹgbẹ́ gba owó náà padà fún un, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ti lọ kí a tó rí ẹni tí ó lè sọ ìyàtọ̀ náà ní gbangba. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Èéfín gbígbóná tí ń jáde lọ sí sàlẹ́ńsà ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan nínú tọ́bò. Kẹ̀kẹ́ yẹn ń yí èkejì, èkejì sì ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1905. Ẹ́ńjìnnì lásán ń mí fúnra rẹ̀. Èyí tí ó ní tọ́bò, ńṣe ni a ń rọ ọ́ ní afẹ́fẹ́ bí ìyá ti ń rọ ọmọ ní ẹ̀kọ. Afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ gba epo tí ó pọ̀, iná inú rẹ̀ á sì le. Gbogbo agbára yẹn, orí písítìnì ni ó ń bọ́ lé.

Ìfúnpọ̀, èyí tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n, kò ju ìṣirò ọmọ iléèwé lọ. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù onísílíńdà mẹ́rin tí ó jẹ́ lítà 2. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 cc. Ká ní nígbà tí písítìnì gòkè tán, àyè tí ó kù lókè jẹ́ 55.6 cc. Ẹ ro 500 mọ́ 55.6, kí ẹ fi 55.6 pín in, 10 ni ẹ ó rí. A ń pè é ní 10 sí 1. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wálẹ̀ sí 8.5 sí 1, àyè òkè yẹn gbọ́dọ̀ di 66.7 cc. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ 11 cc, omi ṣíbí tíì méjì péré. Ṣíbí méjì yìí ni ó wà láàrin ẹ́ńjìnnì tí yóò pẹ́ àti èyí tí a ó tún tú kí ọdún tó yípo.

Kí ló dé tí a fi ń fà á wálẹ̀? Nítorí nọ́ọ̀kì ni. Nọ́ọ̀kì tí a ń wí yìí kì í ṣe ti ìgboro, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì nígbà tí bẹ́arìn bá ti jẹ tán. Èyí tí a ń wí ni kí epo gbiná fúnra rẹ̀ nítorí ooru àti ìfúnpọ̀, kí iná tí pọ́lọ́ọ̀gì dá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí òkúta wẹẹrẹ tí a ń mì nínú agolo. Bí ó bá ń bá a lọ lábẹ́ ẹrù, òòlù ni ó ń lu orí písítìnì yẹn. Ibi tí ríìngì jókòó sí á kán, tàbí kí orí rẹ̀ yọ́ kí ó sì lu. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò tì wọlé ti gbóná kí ó tó dé sílíńdà. Bí a bá tún wá fún un pọ̀ ní 10 sí 1, a ti gbé e súnmọ́ etí iná.

Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ mọ èyí. Nígbà tí Saab ti Sweden gbé 99 Turbo jáde ní 1978, wọ́n fa ìfúnpọ̀ rẹ̀ wálẹ̀ dé 7.2 sí 1. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n wá ṣe ẹ̀rọ kan tí ń gbọ́ nọ́ọ̀kì, tí ó sì ń dín agbára tọ́bò kù fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e gòkè sí 8.5. Toyota náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì 2JZ: 10 sí 1 fún èyí tí kò ní tọ́bò, 8.5 sí 1 fún èyí tí ó ní in. Búlọ́ọ̀kù kan náà, písítìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré lọ fà á wálẹ̀ dé 7 nítorí ìbẹ̀rù. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, tọ́bò kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ kan tí ó láárí. Ìfúnpọ̀ nìkan ni ọkọ̀ fi ń rìn nígbà náà. Bí ó bá ti lọọlẹ̀ jù, ọkọ̀ á wúwo lẹ́sẹ̀, á sì máa mu epo. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, gbogbo wa mọ ohun tí mímu epo túmọ̀ sí fún ẹni tí ń fi ọkọ̀ jẹun. Ní tiwa, fún ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tí a ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí epo rẹ̀ ń tú sínú mánífóòdù, tí tọ́bò rẹ̀ kò sì ju 0.7 bar lọ, 8.5 sí 9 ni a ó mú. Àwọn ọkọ̀ tuntun tí epo wọn ń tú tààrà sínú sílíńdà lè gbé 10, nítorí pé epo náà ń mú inú sílíńdà tutù. Ẹ má fi nọ́ńbà tiwọn ṣe ti àtijọ́.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ epo tí a ń rà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé epo tí methanol inú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó sì bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ń tú ẹ́ńjìnnì tọ́bò tò, epo tí ó burú jù tí dírẹ́bà lè bá pàdé lójú ọ̀nà ni kí ó fi ṣe ìṣirò.

Ó wá kan písítìnì fúnra rẹ̀. Àdà ni kí a yọ́ àlùmíníọ̀mù kí a sì dà á sínú àwòṣe, bí àwọn tí ń da ìkòkò ti ń ṣe. Àrọ ni kí a mú kùmọ̀ àlùmíníọ̀mù líle, kí a mú un gbóná láìyọ́ ọ, kí ẹ̀rọ ńlá sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gba àwòrán písítìnì. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ alágbẹ̀dẹ kò nílò àlàyé: irin tí a rọ, ara rẹ̀ ki, kò ní ihò afẹ́fẹ́ nínú. Bí nọ́ọ̀kì bá lù ú, ó lè tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó kán. Àdà tí sílíkọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀, bíi 16 nínú 100 sókè, le gan-an, kì í sì í tètè jẹ, ṣùgbọ́n bí àwo tánganran ni ó ti ń fọ́.

Ìyẹn kò sọ pé àrọ ni gbogbo ọkọ̀ nílò. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tọ́bò tí ó ti ilé iṣẹ́ wá, písítìnì àdà ni ó wà nínú wọn, wọ́n sì ń pẹ́. Bí ẹ kò bá ní fi kún agbára tọ́bò, ojúlówó písítìnì tọ́bò ti ilé iṣẹ́ náà tó. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un, tàbí tí ẹrù yóò máa wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ ra àrọ. Àrọ náà pín sí méjì tí a máa ń rí. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4032 ní sílíkọ́ọ̀nù tó nǹkan bí 12 nínú 100, kì í wú púpọ̀ bí ó bá gbóná, a sì lè fi àyè kékeré sí i nínú sílíńdà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2618 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní sílíkọ́ọ̀nù rárá. Ó lágbára jù, ti eré ìje ni, ṣùgbọ́n ó ń wú, àyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, á sì máa pariwo gbà-gbà-gbà ní òwúrọ̀ títí yóò fi gbóná. Fún ọkọ̀ tí ó ń tan tí ó ń kú ní ìgbà ogún lójúmọ́, 4032 ni a ó mú. Àyè tí ìwé inú páálí písítìnì bá sọ ni kí onímáṣíìnì gbẹ́ sílíńdà sí. Kí ó má ṣe lo èyí tí ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ìgbà àdà, nítorí àrọ tí àyè rẹ̀ kéré yóò há mọ́ ògiri ní ọjọ́ tí ooru bá mú.

Ẹnu ríìngì náà ńkọ́? Tọ́bò ń mú kí ríìngì gbóná, kí ó sì gùn sí i. Bí ihò sílíńdà bá jẹ́ 86 mm, tí ẹnu ríìngì òkè jẹ́ nǹkan bí 0.35 mm nínú ẹ́ńjìnnì lásán, ti tọ́bò á tó 0.43 sí 0.5. Bí ẹnu méjèèjì bá fi kanra, ríìngì á fẹ̀ mọ́ ògiri, á sì fa ibi tí ó jókòó sí ya. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń bú písítìnì, ríìngì tí a kò fáìlì ni ó yẹ kí ó bú.

Ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣìnà jù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, a ó gbé tọ́ọ̀pù lọ kí wọ́n gé ojú rẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, bí wọ́n bá gé ìdajì mìlímítà, nǹkan bí 3 cc ti lọ nínú àyè òkè, 8.5 ti di nǹkan bí 8.8. Bí wọ́n bá gé e lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kọjá 9, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn á wá fi gásíkẹ́ẹ̀tì méjì lé ara wọn láti dá a padà. Ìyẹn kò dára: á máa fẹ́, omi á sì wọ inú ọ́ìlì. Gásíkẹ́ẹ̀tì kan tí ó nípọn wà, tàbí písítìnì tí orí rẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Kí ẹ tó rà, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi gíríìsì lẹ pẹrẹsẹ gíláàsì tí ó ní ihò mọ́ ojú tọ́ọ̀pù, ẹ mú síríńjì láti kẹ́mísìtì, kí ẹ fi kẹrosíìnì kún ibẹ̀, kí ẹ máa ka cc. Ẹ ro àyè gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, àti ihò orí písítìnì, àti ìwọ̀n tí písítìnì fi kù kí ó dé ojú búlọ́ọ̀kù.

Ti dísẹ̀lì yàtọ̀. Kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tí ń dá iná, ìfúnpọ̀ ni ó ń fi dáná, nítorí náà ọ̀pọ̀ dísẹ̀lì tọ́bò wà láàrin 15 sí 1 àti 18 sí 1. Bí ó bá lọọlẹ̀ jù, kò ní jí ní òwúrọ̀ ọyẹ́, èéfín funfun ni yóò máa tú. Bí ó bá ga jù, ipá inú rẹ̀ á fọ́ nǹkan. Mercedes 911 tí gbogbo wa mọ̀ ń lo OM 352. OM 352 A ni èyí tí ó ní tọ́bò. 97 mm ni ihò sílíńdà àwọn méjèèjì, nítorí náà písítìnì ọ̀kan á wọ inú èkejì láìkọ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà. Nínú ọ̀pọ̀ písítìnì dísẹ̀lì tọ́bò, wọ́n fi òrùka irin sínú àlùmíníọ̀mù níbi tí ríìngì àkọ́kọ́ jókòó sí, ọ́ìlì sì ń tú sí abẹ́ rẹ̀ láti mú un tutù. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ wo ojú ihò ríìngì, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí ó ṣe Ladípọ̀ ni ẹ ti rà á tàbí Gate ní Ìbàdàn, ‘sáìsì kan náà ni’ kì í ṣe ìdáhùn. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá òde òní, irin gidi ni wọ́n fi ń rọ ọ̀pọ̀ písítìnì. Ẹ kò gbọdọ̀ fi àlùmíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀ka wa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ kò pọ̀. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì tọ́bò palẹ̀, kí káàdì iṣẹ́ gbé nọ́ńbà písítìnì, bóyá àrọ ni tàbí àdà, ìfúnpọ̀ tí a wọ̀n, iye tí wọ́n gé lára tọ́ọ̀pù, ẹnu ríìngì, àti agbára tọ́bò. Kí mẹkáníìkì tí ó tò ó fọwọ́ sí i, kí ẹni tí ó ra ọjà náà fọwọ́ sí i, kí dírẹ́bà sì gba ẹ̀dà kan. Bí ọ̀gá bá ra ohun tí mẹkáníìkì kò béèrè, kí mẹkáníìkì kọ ọ́ sórí káàdì kí ó tó mú sípánà. Akọ̀wé ẹ̀ka ti tẹ káàdì náà, ó wà ní ọ́fíìsì. Kí àwọn tí ó ní ẹ́ńjìnnì lórí tábìlì lọ́wọ́lọ́wọ́ wá gbà á ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n sì mú písítìnì àtijọ́ wọn dání, nítorí pé a fẹ́ gé díẹ̀ nínú wọn sí méjì kí gbogbo wa lè rí inú wọn.