Àwọn Ẹranko Kéékèèké Ìsàlẹ̀ Omi Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ omi la mú wá lónìí.

Bí ènìyàn bá bu ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi tó ti Badagry wá, tó gba ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Àpápá, tó sì fi asẹ́ fọ̀ ọ́, yóò rí aràn tín-tìn-tín, ìsáwùrú wẹ́wẹ́ àti ọmọ alákàn. Ẹ má fojú kéré wọn. Àwọn ni ẹja ń jẹ, ẹja náà sì ni àwa ń jẹ.

Kí ló ń sọ èyí tí yóò gbé ibẹ̀? Ìkínní ni iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọ inú ọ̀sà. Bí òjò bá dé, odò Ògùn àti Yewa a kún, iyọ̀ a sì dínkù. Ní 1958, Webb, olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, àti Hill kọ̀wé lórí ẹranko kan ní ọ̀sà Èkó, tó rí bí ẹja tín-ínrín ṣùgbọ́n tí kò léegun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọmọ rẹ̀ ń ti òkun wọlé; bí òjò bá sọ omi di aláìníyọ̀, wọn a kú. Lẹ́ẹ̀rùn mìíràn, òmíràn a tún dé.

Ìkejì ni ilẹ̀. Iyanrìn tó mọ́ ni ẹranko yìí ń fẹ́. Aràn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ gan-an ni ilé rẹ̀.

Ìkẹta ni atẹ́gùn inú omi. Ìgbẹ́ àti ajẹkù tí a dà sí gọ́tà, inú omi ni wọ́n ń bọ̀ sí. Bí wọ́n ti ń jẹrà, wọ́n ń gba atẹ́gùn náà tán. Ẹrẹ̀ a dúdú, a sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹranko a kú. Kìkì aràn díẹ̀ tó lè fara dà á ni yóò kù, tí wọn a sì pọ̀ lọ súà. Ẹ ṣé ẹ rí i? Pípọ̀ nìkan kọ́ la fi ń mọ omi tó dára. Kí oríṣiríṣi wà níbẹ̀ ni.

Òjò ní àsìkò, iyọ̀ ní àsìkò. Ẹranko tó bá wọn lọ a tún bá wọn padà. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí wa kò ní àsìkò tí í lọ, àfi bí àwa bá dẹ́kun dídà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ ka èyí fún ará ilé yín. Ẹni tó da ìdọ̀tí sí gọ́tà, ìkòkò ọbẹ̀ ara rẹ̀ ló dà á sí.