Ọ̀pẹ Gbígbìn fún Ìgbádùn ní Ìdànrè

Ní Ìdànrè, níbi tí òkè olókùúta ti yí ìlú ká tí kòkó sì gba iwájú lóko, ẹni tó bá ń kó onírúurú igi ìdílé ọ̀pẹ jọ fún ìgbádùn kò ní láti wò jìnnà, nítorí pé ògùrọ̀ tó fẹ́ràn àbàtà, àgbọn, àti ọ̀pẹ elépo ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Èyí tó níyì jù ni ọ̀pẹ ifá, irú ọ̀pẹ tí ewé imọ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra dípò kí ó ya, tí àwọn babaláwo sì kà sí pàtàkì.

Híhù ló ń dáni lágara, torí èkùrọ́ lè sùn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìwádìí ọ̀pẹ bíi NIFOR, tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ìlú Bìní ní 1939, fi ń fi ooru jí irúgbìn kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sómi. Ẹni tó bá fẹ́ tenera, ìyẹn irú ọ̀pẹ elépo tó jẹ́ àdàlù dura tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn àti pisifera tí kò ní èèpo, yóò dára kí ó ra irúgbìn rẹ̀, nítorí pé bí tenera bá gbàtọ̀ lára tenera, nǹkan bí ìdajì ọmọ rẹ̀ péré ni yóò jọ ọ́, ìyókù á di dura tàbí pisifera, èyí tí kì í sábà so.