Clarence Mitchell, Alágbàwí Tí Kò Gbé Àpò Owó



Iṣẹ́ kan wà tí kò lè ṣàì sí níbikíbi tí a bá ti ń dìbò ṣòfin, ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò dùn létí wa ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Iṣẹ́ ẹni tí a kò dìbò yàn ni, tí kò ní ìjókòó nínú ilé aṣòfin, ṣùgbọ́n tí ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti nínú yàrá iṣẹ́ wọn, tí ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n ti àbá òfin kan lẹ́yìn tàbí kí wọ́n dá a dúró. Láti ara ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí gan-an ni àwọn Òyìnbó ti fa orúkọ yọ fún un, tí wọ́n fi ń pè é ní lọ́bì. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ ní Àbújá lónìí, àpò Ghana-must-go tí owó kún inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Síbẹ̀, ọkùnrin kan ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ní Amẹ́ríkà láìní owó tí yóò fún ẹnikẹ́ni, láìní ìbò kan ṣoṣo nínú ilé, tí ó sì wà nídìí òfin márùn-ún tí ó tú àwọn ènìyàn dúdú orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ láàárín ọdún mọ́kànlá. Clarence Mitchell ni orúkọ rẹ̀. Aṣòfin àgbà 100 ni ó ń jókòó ní Washington, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 50 ń rán ènìyàn méjì méjì lọ. Mitchell ni àwọn ènìyàn ń pè ní aṣòfin àgbà kọkànlélọ́gọ́rùn-ún.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 1911 ni a bí i ní ìlú Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ilé tí ó ti jáde kì í ṣe ilé olówó. Ó kàwé ní Yunifásítì Lincoln ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó sì gba oyè níbẹ̀ ní 1932. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí ibẹ̀ ni Dókítà Nnamdi Azikiwe ti gba oyè ní 1930, tí Kwame Nkrumah ti ilẹ̀ Ghana sì gba tirẹ̀ ní 1939. Thurgood Marshall, ọmọ Baltimore bíi Mitchell, tí ó di adájọ́ dúdú àkọ́kọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, jáde níbẹ̀ ní 1930 bákan náà. Ilé ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ìjọba tí àwọn ọmọ rẹ̀ mì.

Iṣẹ́ àwa oníròyìn ni Mitchell kọ́kọ́ ṣe. Ìwé ìròyìn Afro-American ti Baltimore ni ó gbà á. Ní oṣù Kẹwàá 1933, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22, ìwé ìròyìn náà rán an lọ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Princess Anne. Àwọn ènìyàn funfun ti ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan tí ń jẹ́ George Armwood jáde, wọ́n so ó rọ̀, wọ́n sì dáná sun òkú rẹ̀. Ẹjọ́ kankan kò tí ì wáyé. Mitchell rí òkú náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ó sì kọ ohun tí ó rí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin àgbà ní Washington láti jẹ́rìí, nígbà tí wọ́n ń gbé àbá òfin kan yẹ̀ wò tí ìbá sọ irú ìpànìyàn láìdájọ́ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Àwọn aṣòfin ìhà gúúsù fi ẹnu dí àbá náà lọ́nà ní 1935, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí òmíràn ní 1938. Ọdún 2022 ni Amẹ́ríkà tó ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí mo pè ní fífi ẹnu dí òfin lọ́nà, nítorí òun ni ọ̀tá tí Mitchell bá jà títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá ti dìde sọ̀rọ̀ lè máa sọ ọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, títí ilẹ̀ yóò tún fi mọ́. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn a gbà á lẹ́nu rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ kò bá tí ì tán, a kò lè dìbò lórí àbá òfin náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà pa irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà náà ni pé kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé gbà pé ó tó. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ìbò tí ó lé ní ìdajì kò tí ì ní nǹkan kan. Àwọn aṣòfin ìhà gúúsù sì mọ èyí dáadáa. Iye wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti dí ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ìròyìn, Mitchell lọ sí ìlú St. Paul ní ìpínlẹ̀ Minnesota fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ Urban League. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó wà nínú ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Roosevelt gbé kalẹ̀ ní 1941 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìjà má ṣe lé ènìyàn dúdú sẹ́yìn nínú ìgbanisíṣẹ́. Nígbà tí ogun parí, àwọn aṣòfin jẹ́ kí ìgbìmọ̀ náà kú ní 1946. Mitchell ti bọ́ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ N.A.A.C.P. ní Washington nígbà náà. Láti 1909 ni ẹgbẹ́ yìí ti ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú. Ó di olórí ọ́fíìsì náà ní 1950, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1978. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí Baltimore ni ó ń gbé, tí ó ń ti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, tí ó sì ń padà lálẹ́, nǹkan bí ogójì máìlì ní àlọ, ogójì ní àbọ̀. Juanita Jackson, ìyàwó tí ó fẹ́ ní 1938, jẹ́ obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ amòfin ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ìyá ìyàwó rẹ̀, Lillie Carroll Jackson, ni ó sì ṣe olórí ẹgbẹ́ náà ní Baltimore fún ọdún 35. Àwọn ará ilé ọkùnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọlé.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ó ń wọ kóòtù àti táì tí ó mọ́ tónítóní. Kì í bú ènìyàn, kì í sì í parọ́ fún aṣòfin, nítorí ẹni tí ó bá parọ́ fún aṣòfin lẹ́ẹ̀kan kì yóò rí ọ̀nà wọ yàrá rẹ̀ mọ́. Àti Democrat àti Republican ni ó ń bẹ̀ wò. Ó ń kí àwọn aṣòfin ìhà gúúsù tí wọ́n kórìíra ìdí tí ó fi wá, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohùn pẹ̀lẹ́ nìkan ni. Ọkùnrin yìí mọ òfin ilé náà ju ọ̀pọ̀ aṣòfin lọ, ó sì mọ iye ìbò. Ó mọ ẹni tí yóò dìbò bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí yóò dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́, àti ẹni tí ń rò ó, àti ohun tí ẹni náà ń bẹ̀rù nílé. Nígbà tí ó ti dàgbà tán, ó tún lọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin lálẹ́ ní Yunifásítì Maryland, ilé ìwé òfin tí kò gba dúdú nígbà èwe rẹ̀ àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ fi agbára ṣí i. Ọmọ ọdún 51 ni nígbà tí ó gba oyè náà ní 1962.

Èso àkọ́kọ́ jáde ní 1957. Láti 1875 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà kò ti ṣe òfin kankan tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú. Strom Thurmond ti South Carolina dìde, ó sì fi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 18 sọ̀rọ̀ láti dí i lọ́wọ́. Mitchell jókòó lókè níbi tí àwọn òǹwòran ń jókòó ní òru náà, ó ń gbọ́. Òfin náà kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ apá tí ó le jù lọ kúrò nínú rẹ̀, èyí tí ìjọba ìbá fi máa pe àwọn tí ń ya dúdú sọ́tọ̀ lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kí wọ́n kọ ìyókù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Èmi náà rò pé wọ́n ṣe é re, nítorí láti inú òfin tí ó rọ̀ yẹn ni ẹ̀ka ìjọba kan ti jáde tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ ará ìlú nìkan. Ti 1960 kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fò ó.

Ti 1964 ni ó tóbi. Nígbà tí àbá náà wà ní ilé aṣojú-ṣòfin, ìṣòro kan wà. Bí àwọn aṣojú bá ń dìbò lórí àtúnṣe kan, wọ́n kàn ń tò kọjá níwájú àwọn tí ń kà wọ́n ni; a kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó ti ṣèlérí fún àwọn dúdú lè dalẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Òfin sì ni pé òǹwòran kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan lókè níbẹ̀. Kí ni Mitchell àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, amòfin funfun kan tí ń jẹ́ Joseph Rauh, ṣe? Wọ́n kó àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni jọ, wọ́n pín aṣojú mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ó fi ojú inú gba àwòrán wọn, kí ó sì rántí ìhà tí olúkúlùkù gbà. Àwọn mìíràn wà nílẹ̀ tí ń sáré lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹni tí kò bá wá sí ìjókòó. Inú bí àwọn aṣojú kan gidigidi, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì, ilé náà gba àbá òfin wọlé pẹ̀lú ìbò 290 sí 130.

Ó ku ilé àgbà. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta, ó sì gba ọjọ́ iṣẹ́ 60. Ìbò 67 ni a ń wá, ẹgbẹ́ Democrat kò sì lè dá a rí, nítorí àwọn ará ìhà gúúsù wà nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ wá rọ̀ mọ́ Everett Dirksen ti Illinois, olórí àwọn Republican. Hubert Humphrey ni ó ń rọ̀ ọ́ nínú ilé, tí Mitchell ń ti ìta tì í. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà, wọ́n ké sí orúkọ Clair Engle ti California. Àìsàn ọpọlọ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n gbé e wọlé. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi kan ojú rẹ̀, nítorí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ojú àti bẹ́ẹ̀ ni ti ìdìbò jọra létí. Wọ́n kà á mọ́ ọn. Ìbò 71 ni ó ní kí ọ̀rọ̀ parí, 29 ní kí ó má parí. Kò sí ìgbà kan rí tí wọ́n pa ẹnu àwọn ará gúúsù mọ́ lórí ẹ̀tọ́ àwọn dúdú ṣáájú ọjọ́ náà. Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin ọ̀hún ní ọjọ́ kejì oṣù Keje. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ṣí sílẹ̀ fún dúdú, bẹ́ẹ̀ ni ìgbanisíṣẹ́ tí Mitchell pàdánù ní 1946 tún padà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú òfin lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹjọ 1965. Nígbà tí ó di 1966, àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ pé ọ̀nà Mitchell ti pẹ́ jù, pé ìtẹríba ni. Òtítọ́ ni pé bí kò bá sí àwọn tí ajá ọlọ́pàá kọlù ní Birmingham ní 1963, àti àwọn tí a lù lórí afárá Selma ní 1965, àwọn aṣòfin ì bá má gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ń rìn kì í kọ ìwé òfin. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí a má yọ ọ́ sọnù lóru.

Èyí hàn jù lọ ní 1968, nínú òfin tí kò jẹ́ kí a kọ̀ láti ta ilé tàbí láti yá ilé fún ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Àbá náà ti ṣubú ní 1966. Àwọn ọ̀rẹ́ pàápàá ní kò sí ìbò. Mitchell ní ó wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbìyànjú láti fi òpin sí ọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó kùnà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, ó kọjá pẹ̀lú ìbò 65 sí 32. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, ó ti bàjẹ́. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ géérégé ni wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King, Ààrẹ sì fọwọ́ sí òfin náà ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ Spingarn ní 1969. Ààrẹ Carter fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ fún ará ìlú ní 1980. Ó kú ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta 1984, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹjọ́ ìlú Baltimore ní 1985.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò wà bí ó ti fi í sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, fa apá kan òfin 1965 ya, èyí tí ó sọ àwọn ìpínlẹ̀ tí kò gbọdọ̀ yí ètò ìdìbò wọn padà láìgba àṣẹ. Ilé aṣojú-ṣòfin gbé àbá tí yóò tún un ṣe kọjá ní oṣù Kẹjọ 2021, pẹ̀lú ìbò 219 sí 212. Ní oṣù Kìíní 2022 ó dé ilé àgbà, níwájú ilẹ̀kùn tí Mitchell mọ̀. Láti 1975, iye tí a ń wá láti pa ẹnu mọ́ ti dín kù sí 60. Àwọn tí wọ́n gbé àbá náà wá rí 49.